Ìbọn Tí Mo Fi Gba Ìgò Àwòrán

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun yó, oúnjẹ á dà yín lára. Ẹ̀yin tí ẹ wá fi ìtàn tan ebi jẹ, ẹ fara balẹ̀, n kò ní pẹ́. Àti ìwọ tí o ń tòògbé lẹ́yìn ọ̀hún kí n tó la ẹnu, mo kí ọ lọ́tọ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o han-an-run bò mí mọ́lẹ̀. Ọdẹ́lànà ni orúkọ mi, ọmọ Òkè-Àparò, ìlú tí òkúta pọ̀ níbẹ̀ ju iyán lọ, tí ẹjọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ ju òkúta lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ṣọdẹ. Mo ti rí ẹfọ̀n nínú ìbínú, mo sì ti rí ìyá ìyàwó mi nínú ìbínú, mo mọ èyí tí ènìyàn ń sá fún.

Ṣùgbọ́n ọdẹ náà ní ohun tó fi ń ṣeré. Ẹlòmíràn ń ta ayò, ẹlòmíràn ń mu ẹmu títí ọ̀pẹ á fi máa bẹ̀ ẹ́. Tèmi ni pé mo ń tún ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ṣe. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń tẹ̀ nínú fóònù bí ẹni ń pa iná orí o! Èyí tó ga bí kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń wí, onípákó, tó ní ìgò àwòrán níwájú bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tó ní ọ̀pá kékeré kan àti bọ́tìnnì méjì, tí àgbà ọkùnrin á dúró tì, tí á máa làágùn bí ẹni ń kọ ebè.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì ló gbé irú rẹ̀ dé ìlú wa, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọdún tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí pín igbá, wọ́n pín àwo, kò sí ẹni tó rántí pín mi. Làmídì, tí kò bá mi tan níbì kankan, ló ní kí n wọlé. Ó bọ́ mi, ó wọ̀ mí láṣọ, ó sì kọ́ mi bí a ti ń tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ àti bí a ti ń tò ó padà. Ọdún mẹ́rin gbáko, kò fi oúnjẹ náà bú mi rí.

Ní báyìí, Làmídì ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ń kú lọ. Dókítà ní kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, kò ní ríran mọ́. Mo bi í pé kí ló fẹ́ rí kí ojú náà tó ṣú. Mo rò pé yóò ní Mẹ́kà ni. Ó ní, "Géèmù mi."

Ẹ̀rọ rẹ̀ tó ti bàjẹ́ wà ní yàrá mi. Mo ti pààrọ̀ pákó tí ikán jẹ, mo ti so wáyà tí eku gé, ó ku ìgò àwòrán, nítorí pé ewúrẹ́ ìyàwó mi wo inú rẹ̀, ó rí ewúrẹ́ mìíràn, ó sì kàn án fọ́. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó ní, "Bàbá ọdẹ, irú ìgò yìí ti bá àwọn baba ńlá wa lọ, ẹ kúkú ra fóònù." Mo ní, "Ẹnu rẹ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe."

Nígbà náà ni mo rántí pé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti já sí àfonífojì inú Igbó Àìwẹ̀yìn rí. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká ní òwúrọ̀, mo forí lé igbó.

Odò kan wà níbẹ̀ tó máa ń sùn lọ́sàn-án, tó ń han-an-run bí àlejò tó jẹ iyán onílé tán. Bó bá ti sùn, omi rẹ̀ á le, ènìyàn á gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Mo bọ́ bàtà, mo kọjá. Bí mo ti dé òdìkejì, mo sín, odò jí. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Èmi ọdẹ ni, ẹ kú oorun o." Ó ní, "Ó dára tó o kọ́kọ́ kọjá," ó sì padà sùn.

Mo rìn títí mo fi bá ẹ̀rọ náà lábẹ́ àràbà. Ó ń dán bí orí apárí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró para, ìgò rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àlè sí i: ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa, wọ́n fi màrìwò so wọ́n pọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí àlè wà lára rẹ̀ ti ní olówó, a kì í fọwọ́ kàn án. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Nínú igbó tí ènìyàn kò gbé, ta ló ń pàálè fún ta?" Mo já a sọnù, mo na ọwọ́ sí ìgò. Ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fà, kò wá. Mo fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀rọ, kò wá.

Ìnàkí arúgbó kan bọ́ sílẹ̀ láti orí igi, ó fọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá ilé ìwé, ó ní, "Ọdẹ, ẹ kú àfojúdi o."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Kí lẹ bá lára ẹ̀rọ mi?"

"Àlè ni, Bàbá."

"Bí ẹ̀yin ọdẹ bá pa ẹran tí ẹ kò lè dá gbé, ṣebí ewé lẹ fi ń bò ó, kí ọdẹ mìíràn má baà gbé e? Lọ́dún tó kọjá, ẹ fi ewé bo etu kan nídìí ìrókò. Ebi ń pa wá. Ìyàwó mi ní ká gbé e, mo ní rárá, ewé ọdẹ wà lórí rẹ̀. Èmi ẹranko bọ̀wọ̀ fún ewé yín. Ẹ̀yin ọmọ ènìyàn já àlè mi."

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí débi pé irùngbọ̀n mi fẹ́ padà wọlé. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ kò jẹ́. Mo so rọ̀ bí àdán, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ìnàkí jókòó. Ó ní ọdún mọ́kànlá lòun fi ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, epo pupa lòun fi ń pa á, ṣùgbọ́n kò sí iná mànàmáná nínú igbó, òun kò tíì rí àwòrán rẹ̀ rí. Ó ní, "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ gan-an?"

Mo ní, "Àwọn kòkòrò ló ń bọ̀ láti òkè, à ń yìnbọn fún wọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ẹ gbé ìbọn kiri láti àárọ̀, ẹ délé, ẹ tún ń yìnbọn fún kòkòrò inú ìgò! Ẹ̀yin gan-an ló yẹ ká fi àlè sí lára."

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Làmídì fún un, láti orí igbá tí wọ́n pín dé orí ojú tó ń kú lọ. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, ó yẹ kó rí ohun tó fẹ́ rí. Ẹ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n àyè ìgò mi kò ní ṣófo. Ìbọn yín ni yóò dúró níbẹ̀."

Ìbọn yẹn, ti bàbá mi ni. Òun nìkan ni ẹbí kò rí pín, torí mo gbé e sá. Mo wo ìbọn, mo wo ìgò. Ọdẹ tí kò ní ìbọn, aláàárù lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo gbé ìbọn kalẹ̀. Ìnàkí so àlè tuntun mọ́ ọn, ọwọ́ mi sì tú, mo yọ ìgò.

Bí mo ti wọ ìlú pẹ̀lú ìgò láyà bí abiyamọ, olórí ọdẹ wa pariwo, "Ọdẹ́lànà, ìbọn ńkọ́? Ó sàn kí ọdẹ pàdánù ìyàwó ju ìbọn lọ!" Ìyàwó mi jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó ní, "Ẹ tún un sọ, Bàbá, n kò gbọ́ dáadáa." Olórí ọdẹ kọjú sí ọ̀nà ilé rẹ̀, ó yára lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo to ẹ̀rọ náà tán. Mo fa Ẹ̀gbọ́n Làmídì lọ́wọ́ wá, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀pá, mo tan iná. Ìgò mọ́lẹ̀ yòò, àwọn kòkòrò ń sọ̀ kalẹ̀ láwọ̀ ewé àti láwọ̀ osùn. Imú baba náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgò. Ó ní, "Mo rí wọn, Ọdẹ́lànà. Mo rí wọn." Mo bú sẹ́kún, mo ní kí òun náà sunkún díẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́.

Kò yíjú. Ó ní, "Ìwọ sun tìrẹ. Ojú tó kù fún mi kò tó èyí tí mo lè fi sunkún. Jẹ́ kí n fi wòran." Ó sì ń yìnbọn lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọyẹ́ dé, ojú náà ṣú, bí dókítà ti wí. Ṣùgbọ́n a ti ṣáájú ọyẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣe yín lóore, ẹ má ṣe fi ọpẹ́ pa mọ́ de ọjọ́ ìsìnkú, níbi tí ẹ ó ti pa màlúù fún ẹni tí kò lè jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ tó ń ríran ni kí ẹ dúpẹ́ sí. Mo dúpẹ́ pé mo tètè dé. Ẹ dìde, ẹ máa lọ, ilé á bá yín lára mu. Kí ẹ sì rọra jí oníhan-an-run yẹn, kó má lọ rò pé òun ni odò.