Ẹ̀wù Tí Wọ́n Rán fún Ohun Tó Ń Wá Atẹ́gùn

Ọkùnrin kan wà ní Iléṣà tí ohun tuntun kì í rójú ìta lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá ra àga, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e wá láti ṣọ́ọ̀bù ni yóò wà lára rẹ̀ títí tí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ àlejò lára. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń gbé inú ọ̀rá, èékánná sì ni ìyàwó rẹ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó gbọ́rọ̀. Má dá a lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ wa la jọ ń ṣe é. Ẹni tó pẹ́ kó tó ní nǹkan, ẹ̀rù máa ń bà á kí nǹkan náà má gbó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọkùnrin yìí ní ọkọ̀ kan tó fẹ́ràn púpọ̀. Ọkọ̀ náà ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lójú títì, ṣe ló máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Ṣùgbọ́n agbára kì í dá rìn, ooru ló máa ń bá a wá. Tọ́bò náà a máa mú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbóná, ọ́ìlì tó bá sì gbóná jù a máa ṣàn bí omi, kò ní lè dáàbò bo irin mọ́. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, èèyàn lè má mọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè ni àṣírí máa ń tú.

Òkè gan-an ló sì fẹ́ gùn. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá náà obìnrin kan ṣoṣo tó kù sì wà lórí òkè níbẹ̀, ó ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e kúrò nílé mọ́. Ó ti pẹ́ tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti fojú kanra. Lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n a ní, "Àwẹ̀ró, ohùn rẹ nìkan ni mò ń gbọ́. Ṣé o tiẹ̀ ṣì ní eyín?" Àbúrò a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a sunkún. Ọmọ rẹ̀ ti gbìyànjú láti gbé e lọ rí, àmọ́ ọkọ̀ gbóná ní ìdajì òkè, wọ́n sì ṣẹ́rí padà. Wọ́n ní kí ìyá wọ ọkọ̀ èrò, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ọmọ òun lòun máa fi wọ ìlú àwọn baba òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí ọmọ, ó sì wúwo lọ́rùn rẹ̀.

Ó tọ mẹkáníìkì lọ. Mẹkáníìkì ní, "Ọ̀gá, ọ́ìlì yín ń wá ibi tó ti máa mí." Ló bá bá a de ohun kan tí wọ́n ń pè ní ọ́ìlì kúlà mọ́ iwájú ọkọ̀, lẹ́yìn bọ́ńpà. Ó jọ rédíétọ̀ kékeré. Rọ́bà kan ń gbé ọ́ìlì gbígbóná wá síbẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń fẹ́ sí i, rọ́bà kejì sì ń gbé e padà ní tútù. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sáré lọ sójú ọ̀nà Òṣogbo, abẹ́rẹ́ mítà tó ń wọn ooru kò mira. Inú ọkùnrin yìí dùn débi pé ó ra mínírà fún gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, títí kan ẹni tó kàn wá béèrè ọ̀nà.

Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀, ó ń wò ó. Ohun náà ń dán. Ó ro eruku, ó ro ẹrẹ̀, ó ro àwọn kòkòrò tí ń kú sí iwájú ọkọ̀ lásìkò òjò. O ti mọ ohun tó ṣe. Ó lọ bá ẹni tó ń rán ìjókòó ọkọ̀, ó ní kó rán ẹ̀wù awọ fún un, dúdú tó ní etí pupa, kó sì fi síìpù sí i. Ẹ̀wù náà bá a mu rẹ́gí. Ó fà á pa, ó sì wọlé lọ sùn tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ìyá ti múra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó gbé ẹja gbígbẹ tó fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń kọrin. Wọ́n dé ìdí òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Abẹ́rẹ́ mítà gbéra. Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ amúlétutù, ó dín eré kù, ó gbàdúrà. Abẹ́rẹ́ kò gbọ́ àdúrà. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ dákẹ́ orin, ó kọjú sí fèrèsé, ó di ẹja rẹ̀ mú.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó bẹ̀rẹ̀ wo iwájú ọkọ̀.

"Kí lèyí tó wọ aṣọ?"

"Màámi, òun lẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tutù tí mo sọ fún yín. Kí eruku má baà bà á jẹ́ ni mo ṣe rán ẹ̀wù fún un."

"Kí ló fi ń mú un tutù?"

"Atẹ́gùn ni, mà."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọkọ mi, nígbà tí ibà ń ṣe ọ́ ní kékeré, ṣé ẹ̀wù òtútù ni mo máa ń wọ̀ fún ọ?"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀wù awọ náà. Ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbára lé ọkọ̀, ooru jó o lọ́wọ́, ó fò sẹ́yìn, ìyá náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ó fa síìpù, ó bọ́ ẹ̀wù náà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Wọ́n tún gbéra. Ìyá ló ń ṣọ́ mítà. "Ó ti dúró. Má wo èmi, ojú ọ̀nà ni kó o máa wò." Báyìí ni wọ́n ṣe gun òkè náà tán. Arúgbó kan jókòó síwájú ilé. Ó ti rí wọn lókèèrè, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Àwẹ̀ró," ló wí, "o mà ṣì ní eyín." Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, wọ́n sì fi ìjókòó jó. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n béèrè irú àpò tí àbúrò rẹ̀ mú dání. Àbúrò ní, "Ẹ̀wù ẹni tí kò fẹ́ ẹ̀wù ni." Wọ́n kó obì sí i, wọ́n fa síìpù rẹ̀ pa. Ọkùnrin náà dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, eruku àti òkú kòkòrò kún iwájú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, tó o wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ́ jọ̀gá níbi iṣẹ́ ni gbogbo nǹkan ti ń gbóná mọ́ ọ, o sì ti ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ. O ní kí n bá ọ bẹ Ọlọ́run kó fún ọ ní ẹni tí yóò máa tù ọ́ nínú. Ó ti fún ọ tipẹ́. Ìyàwó rẹ ń bi ọ́ bí iṣẹ́ ṣe rí nígbàkigbà tó o bá wọlé, o sì máa ń dá a lóhùn pé dáadáa ni. O rò pé ò ń dáàbò bò ó ni. Ṣé o rí i, ẹ̀wù lo rán fún un. Nítorí ohun tí o kò fẹ́ kó kàn án yẹn gan-an ló ṣe wà níbẹ̀, ó sì lágbára àtigbé e. Máa lọ sílé. Bó bá bi ọ́ lónìí bí iṣẹ́ ṣe rí, má sọ fún un pé dáadáa ni.