Búrẹ́dì Tó Ku Méjì

Níwájú gbogbo ìpàdé, Àlàájì Bùsàrí, alága ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì, nàka sí Àwẹ̀ró tó ní ààrò kan ṣoṣo, ó ní: “Ibikíbi tí búrẹ́dì bá ti fẹ́ tán nílùú yìí, tìẹ ló ń kọ́kọ́ dé. Oògùn ni, àbí o ní amí nílé mi? Jókòó síbẹ̀ kí o sọ ṣọ́ọ̀bù tí búrẹ́dì ti fẹ́ tán báyìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó wó ààrò ẹ.” Gbogbo wọn ń wò ó bí ẹní rí olè. Àwẹ̀ró gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Kò pẹ́, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó gé. Àwẹ̀ró yọjú wò ó, ó ní: “Ó ku méjì lọ́dọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ ní Òkè-Odò.” Àlàájì rán dẹ́rẹ́bà rẹ̀ lọ wò ó, méjì géérégé ló bá. Àlàájì ní: “Ta ló sọ fún ẹ? O ò kúkú gbé ìpè!” “Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni, Bàbá. Bó bá ti ku méjì, wọ́n á fíláàṣì mi, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé gbígbóná lọ.” “Irọ́! Amí ni!” Bó ti ń pariwo lọ́wọ́ ni fóònù tún dún, ó gé. Àlàájì já a gbà, ó ní òun fúnra òun ni yóò mú amí ọ̀hún. Ó wo nọ́ńbà náà: nọ́ńbà ìyáálé Àlàájì fúnra rẹ̀ ni, tó ń bá a ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì ilé wọn. Àwẹ̀ró rọra gba fóònù rẹ̀, ó kúnlẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tètè máa lọ. Ó ti ku méjì nílé yín.”