Ìjàpá Atọ́bẹ̀wò àti Ẹnu Àgbébọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí dé ààfin, ó bá ọba lójú oorun, ó kọjá. Ó yí dé ilé ìjòyè, ó bá wọn nídìí oúnjẹ, ó kọjá. Ó wá fìdí kalẹ̀ sórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àti Àgbébọ̀ adìyẹ kan tí kò ní ju ọmọ márùn-ún lọ.

Odò kan ló la ìlú àwọn ẹranko sí méjì. Ìmàdò àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbé lókè odò, ní bèbè kan. Ẹtu àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀, ní bèbè kejì. Àgbébọ̀ kọ́ ilé tirẹ̀ sí etí omi gan-an, láàárín àwọn méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò pọ̀ sí. Àkọ́bí rẹ̀ kò ní ìyẹ́ tó pọ̀ lára. Òpìpì ni wọ́n ń pè é, ìyá rẹ̀ sì di Ìyá Òpìpì lẹ́nu gbogbo ìlú.

Àṣà kan wà níbẹ̀. Bí apá méjì bá jà tí wọ́n sì fẹ́ parí rẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan yóò se ìkòkò oúnjẹ kan fún èkejì. Ẹnì kan tí kò sí lápá kankan yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn lè balẹ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀.

Ní ọdún kan, igi wó dí odò, àwọn méjèèjì sì jà lórí ẹni tí yóò gbé e kúrò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí ìjà, Ìjàpá ni wọ́n ní kó wá tọ́ oúnjẹ wò. Ó bu òkèlè kan. Ó bu ìkejì. Ó bu ìkẹta. Wọ́n bi í pé ṣé kò tíì tó.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ ò mọ nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni májèlé máa ń sá sí."

Ó jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ó kọjú sí ìkòkò kejì, ó jẹ òun náà dé ìsàlẹ̀, ó lá a. Àwọn tó jà fi ebi sùn, wọ́n sì fún un lóyè Atọ́bẹ̀wò.

Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, má rò pé Ìjàpá nìkan ló mọ ọ̀nà yìí. Mo ti rí onílàjà tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

Ìjàpá wá ń retí ìjà mìíràn. Ìjà ò dé. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, àwọn èèyàn ń kí ara wọn létí omi bí ẹni tí kò níṣẹ́. Ó sọ fún Yánníbo pé bí àlàáfíà yìí bá fi pẹ́ sí i, ebi ni yóò pa àwọn.

Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Òpìpì, ó da àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀ fún un. Ó ní kó bá òun sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sílẹ̀ lápá Ìmàdò: pé àwọn Ẹtu ní omi tí àwọn ń mu ń rùn, pé ìdí ni Ìmàdò ń fọ̀ sí i.

"Má dárúkọ mi o," Ìjàpá wí. "'Wọ́n ní' ni kó o sọ. 'Wọ́n ní' kì í jẹ́jọ́."

Ìyá Òpìpì ṣa àgbàdo, ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ẹ̀kúnwọ́ mìíràn, ó kọjá sọ́dọ̀ Ẹtu: wọ́n ní Ìmàdò ní ẹsẹ̀ yín tín-ín-rín bí orín, pé bí wọ́n bá fi gbogbo ìran yín se ọbẹ̀, kò ní í kún igbá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ márùn-ún ló ní, àgbàdo sì ni àgbàdo.

Wọ́n jà, wọ́n parí rẹ̀, Ìjàpá jẹ. Wọ́n tún jà, wọ́n tún parí rẹ̀, Ìjàpá tún jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ kọjá ìkòkò. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ òkúta láti òkè odò sí ìsàlẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sí àgbàlá Àgbébọ̀, ó ṣẹ́ Òpìpì lẹ́sẹ̀. Apá méjèèjì sì lérí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, etí odò ni àwọn yóò ti pàdé, ẹni tó bá ṣẹ́kù ni yóò ni omi. Wọ́n fi tó ọba létí. Kìnnìún ọba ní òun ti gbọ́. Ó yíjú sí ògiri, ó padà sùn.

Ìyá Òpìpì sáré tọ Ìjàpá lọ. Ó ní ojúde òun ni wọ́n ti fẹ́ jà lọ́la. Ibo ni òun yóò kó ọmọ márùn-ún sí, tí ọ̀kan kò lè rìn? Ìjàpá bá a kẹ́dùn dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó bá òun sọ, pé bó bá dé etí wọn, ẹ̀rù ogun yóò bà wọ́n, wọn yóò gbé ìkòkò kaná. Ó da àgbàdo sílẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ méjì.

Àgbébọ̀ wo àgbàdo náà títí.

"Tìrókò," ó ní, "òkúta tó ṣẹ́ ọmọ mi lẹ́sẹ̀, ẹnu ara mi ni mo fi gbé e wọlé."

Ó fi àgbàdo sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ.

Ó bá Ìmàdò níbi tó ti ń pọ́n eyín rẹ̀ lára àpáta. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun lòún gbé ọ̀rọ̀ ìdí fífọ̀ wá, òun kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu Ẹtu kankan. Ìmàdò ní kó sọ ìdí kan tí òun kò fi ní í gbé e mì lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ gbé mi mì, Bàbá," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ará ilé yín. Èwo nínú wọn ló fetí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí Ẹtu sọ?"

Ìmàdò bi wọ́n. Kò sí ẹnì kan. Ọ̀kan gbọ́ ọ lẹ́nu Òkéré, ọ̀kan gbọ́ ọ lẹ́nu Ọ̀pọ̀lọ́. Àgbébọ̀ bọ́ síta, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ lánàá,
— Ẹnu ta ni?
Òkéré gbọ́ ọ lẹ́nu Ọ̀pọ̀lọ́,
— Ẹnu ta ni?
Ọ̀pọ̀lọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi,
— Ẹnu ta ni?
Mo gbàgbàdo, mo gbé e rìn,
— Ẹnu ta ni?
Ẹni tó fún mi lágbàdo,
— Ẹnu ta ni?

Ẹ gbè é sókè. Ẹnu yín kò wúwo báyìí nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò yín lẹ́yìn.

Òkéré bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìmàdò ní olórí kì í tẹ̀lé adìyẹ, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé e. Wọ́n sọdá odò, Ẹtu náà bi ará ilé tirẹ̀, ohun kan náà ló bá níbẹ̀: kò sí ẹni tó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu Ìmàdò. Àgbébọ̀ ṣíwájú, gbogbo wọn wá ń gbe orin lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìjàpá, ẹni tó fún un lágbàdo.

Ìjàpá jáde, ó nu ètè. Ó kí wọn kú ìrọ̀lẹ́. Ó ní inú òun dùn pé wọ́n ti ronú, ìjà ò dára, kí wọ́n gbé ìkòkò kaná. Ẹtu ní ohun tó gbé àwọn wá gan-an nìyẹn. Wọ́n se ìkòkò méjì. Ẹtu se ewúro tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀. Ìmàdò se ata wẹẹrẹ, kò fi nǹkan kan sí i bí kò ṣe omi.

Ìjàpá bu ẹ̀kan lá. Ojú rẹ̀ yọ síta. Ó ní kò sí májèlé níbẹ̀, ó ti tó.

"Atọ́bẹ̀wò," Ìmàdò wí jẹ́jẹ́, "ìsàlẹ̀ ni májèlé máa ń sá sí. Ìwọ lo kọ́ wa."

Ó jẹ ewúro dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó jẹ ata dé àárín, ó fa orí wọnú ìkarahun rẹ̀, ó sì kọ̀ kò yọ ọ́. Títí di òní, bí Ìjàpá bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èèyàn, á fa orí wọlé. Ó rò pé wọ́n tún ti gbé ìkòkò dé.

Ẹtu wá kọjú sí Ìmàdò. Ó bi í, ojú kojú, bóyá òótọ́ tiẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìdí fífọ̀ yẹn.

Ìmàdò fi imú tú ilẹ̀ díẹ̀. Ó ní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ooru bá mú.

Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n ṣubú lu ara wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìkòkò omi ni àwọn èèyàn gbé wá sétí odò. Ìmàdò gba àárín wọn kọjá lọ sí ibi ìwẹ̀ rẹ̀ tuntun, nísàlẹ̀ pátápátá, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni.

Òpìpì ń tiro títí ó fi dàgbà. Ìyá rẹ̀ kò gbàgbé. Ẹ wo adìyẹ dáadáa lọ́la: bó bá ti jẹun tán, á nu ẹnu mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún, á nù ún lápá òsì, nítorí kí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọwọ́ méjì àti aṣọ ìnujú, kí ni ẹ fi ń nu tiyín?

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá gba àgbàdo ẹnikẹ́ni kí n tó pa á, kí ata Ìmàdò jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ mi.