Àwọn Ọmọ Tí Ẹnu Mi Bí ní Igbó Agbọ́hùn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ yí mi ká. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi lónìí, inú ń bí mi. Bí mo ti ń bọ̀ níbí, mo gba ẹ̀yìn ilé kan kọjá, mo sì gbọ́ tí ọkùnrin kan ń pàṣẹ fún ìyàwó rẹ̀ bí yóò ṣe máa mí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀.

Èmi ni Ọdẹ́ṣínà ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ọmọ a-pa-ẹfọ̀n-má-pariwo, ọmọ a-fi-ìwo-ẹtu-mu-omi. Ọwọ́ òfo ni mo fi gba ẹran lẹ́nu ìkookò rí, nítorí náà, bí mo bá ní nǹkan bà mí lẹ́rù, kí ẹ mọ̀ pé nǹkan náà kì í ṣe kékeré.

Nígbà tí irun mi ṣì dúdú, erin kan ń ba oko àwọn ará abúlé wa jẹ́, wọ́n sì ní kí n lọ pa á. Àyọ̀ká ìyàwó mi lóyún, oṣù rẹ̀ ti pé. Ní agbo ilé wa, èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà bí ọdẹ bá ń tọ erin: iná ààrò rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú títí yóò fi dé. Ọ̀kan yẹn kò tó mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí Àyọ̀ká má gúnyán, kí ó má gbálẹ̀, kí ó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kí ó má sì fi ẹsẹ̀ kan ìta títí n ó fi dé.

Ó ní, “Ọkọ mi, bí ọmọ bá ní òun ń bọ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Kí ó dúró dè mí.”

Mo wọ Igbó Agbọ́hùn, igbó tí ewé igi ibẹ̀ jẹ́ etí, tí òkúta ibẹ̀ ń tún ọ̀rọ̀ ẹni sọ lẹ́yìn ẹni, tí ẹyẹ ibẹ̀ sì máa ń fi ohùn ìyá ẹni tó ti kú pe ẹni. N kò bìkítà. Mo tọ ipasẹ̀ erin náà títí oòrùn fi ń súnmọ́ àtàrí, nígbà náà ni àwọn kan dìde lójú ọ̀nà mi. Èkíní kò ní ẹnu, ojú rẹ̀ tẹ́jú láti imú dé àgbọ̀n bí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, Má-dáhùn ni. Má-gúnyán tẹ̀lé e, apá rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìhà, ó gbé odó pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ. Pàǹtí bo Má-gbálẹ̀ títí dé ojú, ìkamùdù ń rìn nínú irun rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn kò ní ẹsẹ̀, àyà ló fi ń wọ́ bí ejò tó yó, ó sì so ẹrù kan mọ́ ẹ̀yìn. Òun ni Má-jáde, òun náà ló sọ̀rọ̀.

“Baba wa, ẹ kú àbọ̀!”

“Ta ni baba yín? Èmi ni n ó bí irú yín? Ẹ kúrò lọ́nà!”

Kí n tó pa ẹnu dé, ilẹ̀ là, òmíràn yọ, ó ní Kúrò-lọ́nà lorúkọ òun. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, Dákẹ́ yọ. Mo ní kí wọ́n pa dà, Padà yọ, ọrùn rẹ̀ yí sẹ́yìn.

Má-jáde rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Baba ọlọ́mọ yọyọ! Ẹ máa bí wa lọ. Bí igbó bá kún, a ó tẹ̀lé yín délé.”

Mo yìnbọn lù ú. Ó gbé ọta mì bí ẹni gbé òkèlè mì.

“Aláìlẹ́sẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!” ni mo wí.

“Mo gbé ẹsẹ̀ dání, baba.” Ó tú ẹrù rẹ̀. Mo mọ àpá tí ọkọ́ dá sí àtàǹpàkò òsì: ẹsẹ̀ Àyọ̀ká ni. “Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ó ti ń rọbí. Agbẹ̀bí wà lápá ìsàlẹ̀ abúlé, ẹsẹ̀ ìyàwó yín sì wà níbí.”

Ẹ gbọ́, inú bí mi. Mo bínú sí wọn, mo bínú sí ọmọ tí kò lè dúró, mo bínú sí ìyàwó tó ń rọbí láìgba àṣẹ. Mo ya ẹnu láti pàṣẹ pé kí ọmọ náà pa dà sínú. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde tán tí ilẹ̀ fi là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, orí kékeré kan ń yọ bọ̀, ó tutù, kò mí.

Mo pa ẹnu mi dé. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo jókòó sórí erùpẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù fún mi láti sọ wúwo lẹ́nu mi ju erin lọ. Mo ní, “Kí Àyọ̀ká ṣe bó bá ti rí i pé ó yẹ.” N kò fi nǹkan kan kún un, bó tilẹ̀ ń jẹ mí lẹ́nu.

Orí kékeré náà wọlẹ̀, ilẹ̀ pàdé. Àwọn yòókù yọ́ bí iyọ̀ nínú òjò. Má-jáde ló kẹ́yìn. “Ó dàbọ̀, baba. Bí ẹ bá tún fẹ́ wa, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń bí wa.”

Mo pa erin náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò pa á. Mo gé ìrù rẹ̀ dání, mo wọ abúlé, wọ́n ń hó yè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀, ilé ṣófo, eérú nìkan ló kù nínú ààrò. Mo fi ìbínú dé ilé ìyá Àyọ̀ká lápá ìsàlẹ̀ abúlé. Òun nìyẹn lórí ẹní, ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, iná ààrò mi sì ń jó nínú àpáàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀,” ó ní. “Nígbà tí oòrùn kan àtàrí ló tó gbé mi. Mo kó iná yín dání, ọkọ mi. Kò kú.”

Èmi tí mo pa gbogbo àṣẹ yẹn, n kò rántí àpáàdì. Ẹnu tún ń yún mi láti sọ fún un bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ. Mo wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, “Ẹ jókòó.” Mo jókòó.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi balẹ̀, kò fọ́. Ó pa, ó sì ń lé mi kiri. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ẹ̀yin baálé tí ẹ rò pé bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, oòrùn kò ní í là. Mo rí i tí àwọn kan ń mi orí, wọ́n rò pé aládùúgbò wọn ni mo ń bá wí. Ìwọ ni!

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Bó bá wù yín, ẹ máa lọ sílé. Bó bá wù yín, ẹ dúró. N kò ní í sọ èyí tí ẹ ó ṣe.