Omi Tí Àjàdí Ń Wọ́n fún Bàálù

Ní abúlé Ìdí-Ìyeyè, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Àjàdí, tí ó ń mọ bíríkì tà. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, Mọnísọ́lá. Ọmọ náà kàwé títí ó fi di awakọ̀ bàálù, bẹ́ẹ̀ kò sí ará abúlé náà kankan tó wọ bàálù rí.

Bí ọmọ Ìdí-Ìyeyè bá ń lọ sí àjò, bàbá rẹ̀ a bu omi tútù sínú igbá, a wọ́n ọn sójú ọ̀nà níwájú rẹ̀, a ní, "Ọ̀nà rẹ á tutù." Ṣùgbọ́n ìlú òkèèrè ni Mọnísọ́lá wà lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ wa bàálù. Àjàdí kò rí ojú ọ̀nà kan tí yóò bomi wọ́n, ó sì dùn ún. Nígbà tó yá, ó rántí pé bàálù kan máa ń gba òkè abúlé àwọn kọjá lọ́sàn-án. Láti ìgbà náà, bó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, a fi bíríkì sílẹ̀, a bomi wọ́n ilẹ̀, a gbójú sókè: "Mọnísọ́lá, ọmọ Àjàdí, ọ̀nà rẹ á tutù."

Láṣebíkan onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí ọmọ tirẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya, kì í jẹ́ kó gbádùn.

"Ọ̀nà bàálù ń bẹ lókè, ìwọ ń da omi sílẹ̀. Àbí ekòló ló ń rìnrìn àjò?"

Àwọn ará abúlé a bú sẹ́rìn-ín, Àjàdí náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́.

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá. Kànga abúlé gbẹ, odò sì jìnnà. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Láṣebíkan sọ fún un pé, "Omi tí ojú ń pọ́n wa kí a tó rí, òun lò ń dà nù. Bí o bá tún dà á, má wá bu omi nínú àmù mi mọ́ láé."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Mọnísọ́lá wá sílé. Ó jókòó lábẹ́ igi ìyeyè, ó ń jẹ ẹ̀wà, nígbà tí Láṣebíkan wá kí i.

"Mọnísọ́lá, ṣé ìwọ lò ń wa bàálù tó ń gba ibí kọjá?"

Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀.

Àjàdí ní, "Sọ fún wọn."

"Rárá, ẹ̀yin bàbá. Ọ̀nà tèmi kò gba ibí rí."

Àjàdí tẹjú mọ́lẹ̀. Láṣebíkan fúnra rẹ̀ kò lè fi í ṣẹ̀sín. Ó rọra ní, "Ó parí náà nìyẹn. Ó kéré tán, a ó rí omi mu."

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ìró bàálù fi dún lókè. Gbogbo ojú yí sí Àjàdí. Ìwọ̀nba omi díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ àmù rẹ̀.  Ó dìde, ó bù ú, ó wọ́n ọn sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀nà rẹ á tutù."

"Àjàdí, ọmọ rẹ rèé tó ń jẹ ẹ̀wà," ni Láṣebíkan wí. "Ta lò ń bomi wọ́n fún?"

"N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tèmi bá ń kọjá lókè ilé onílé, ta ni yóò wọ́n ọn fún un?"

 Láṣebíkan padà sí ìsọ̀ rẹ̀ tó wà létí títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lókèèrè, kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Ó wò yíká bóyá ẹnìkan ń wo òun, kò rí àwọn àgbà tó jókòó sódìkejì títì, ó gbé abọ́ omi tó fi ń fárí, ó sì wọ́n ọn sójú ọ̀nà.

Ìṣe àwọn bàbá méjì yìí ni àwọn àgbà Ìdí-Ìyeyè wò tí wọ́n fi sọ ọ́ dòwe pé: ẹni tó lọ́mọ lájò, gbogbo ọ̀nà ní í bomi wọ́n.