Ọfà Ọ̀kẹ́rẹ́ Wọ Báńdéèjì

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ẹkùn.

Lọ́dún ọ̀dá, Ẹkùn gba odò kan ṣoṣo tó kù. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ọfà kan ṣoṣo ba igi ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni yóò ni ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló jáde láti bá a díje. Òùngbẹ ń gbẹ àwọn ọmọ rẹ̀.

Oje igi ni Ẹkùn fi lẹ ìyẹ́ mọ́ ọfà tirẹ̀. Nítorí pé Ẹkùn ti gba gbogbo igi olóje, téèpù alẹ̀mọ́ra tí Ọ̀kẹ́rẹ́ he létí oko ló fi wé ìyẹ́ tirẹ̀.

Ẹkùn bú sẹ́rìn-ín. “Ọfà rẹ wọ báńdéèjì! Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?”

“Ẹ jẹ́ kó fò ná, Bàbá. Òfin yín ò dárúkọ oje.”

Ẹ bá mi gbè é:
Ìyẹ́ já, mo tún lẹ̀ ẹ́,
*Yóò fò!*
Ẹ fi mí ṣẹ̀sín, ẹ tún fi mí ṣẹ̀sín,
*Yóò fò!*

Àwọn méjèèjì ta, ọfà wọn ba igi, ìyẹ́ méjèèjì já. Ọfà tí kò ní ìyẹ́ kì í sì í lọ tààrà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ya téèpù, ó wé e, ó ta ẹ̀ẹ̀kejì, ó bà á. Ìyẹ́ tún já, ó tún un wé.

“Dúró dè mí!” Ẹkùn ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọfà. “Oje mi ò tíì gbẹ!”

“Ọ̀nà ọ̀fun àwọn ọmọ wa ti gbẹ, Bàbá.”

Ó ta ẹ̀ẹ̀kẹta. Gbà!

“Ó dáa, odò di tìrẹ,” ni Ẹkùn kùn.

“Rárá o! Odò kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo ẹ̀yin ẹranko, ẹ wá mu!” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ké.

Ẹkùn náà mu níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Eku ló tò sí. Bí mo bá parọ́, ẹ má gbe orin mi mọ́.