Jíìpù Tí Àárẹ̀ Mú Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ọkùnrin kan wà ní Iléṣà tí ara rẹ̀ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáájú rẹ̀ kúrò ní oríta. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, orúnkún sì ti ń dùn ún. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá oríta bá ti juwọ́ pé kí wọ́n máa bọ̀, orúnkún á gbàgbé pé òun ń dun ẹnìkan.

Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́. Jíìpù kékeré kan ló rà, irú èyí tó ń lo epo tó tún ń lo bátìrì. Bí irú ọkọ̀ yìí bá wà lójú kan tí o bá tẹ iná fún un, bátìrì ni yóò kọ́kọ́ tì í. Kò ní pariwo, á kàn fò síwájú bí ìgalà. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí fífò yìí, ó rẹ́rìn-ín sínú. Láti ọjọ́ náà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra kúrò lójú kan mọ́. Ó ń fò kúrò ní oríta, ó ń fò kúrò nílé epo, ó ń fò kúrò ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àwọn ìyá àgbà ṣì ń kí ara wọn.

Mẹkáníìkì rẹ̀ kìlọ̀ fún un.

"Alàgbà, ìgbà tí ẹ bá ń rọra dẹ ẹsẹ̀ ni bátìrì yìí ń jẹun. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ńṣe lẹ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀."

"Ṣé ọkọ̀ ni mo rà ni, àbí ọmọ ọwọ́?"

"Ọmọ ọwọ́ sàn, sà. Ìyẹn máa ń ké tí ebi bá ń pa á."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Adó-Èkìtì. Ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti ń wo ayé bí ẹni tó wà nínú èéfín. Oṣù mẹ́rin ló fi dúró kó tó rí ọjọ́ gbà lọ́dọ̀ dókítà ojú, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù sì ni dókítà náà ń wá. Aago mẹ́wàá ni wọ́n á pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, ó di oṣù mìíràn.

Ọkọ kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì láti fọwọ́ sí ìwé kan tí igbákejì rẹ̀ lè fọwọ́ sí. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò ní Iléṣà, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù. Ó bá bẹ̀rẹ̀ eré. Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní òkìtì tí wọ́n fi ń dẹ́kun eré ọkọ̀. Á fò láti òkìtì kan, tó bá dé èkejì, á tẹ bíréèkì gbàgà.

"Bàbá Ọlárìnoyè, òkìtì yẹn ò ní sá lọ o."

"Jókòó jẹ́ẹ́. A ti dé nìyẹn."

"A ti dé lóòótọ́. Ọrùn mi nìkan ló kù lẹ́yìn."

Wọ́n dé òkè Ẹ̀fọ̀n. Òkè náà gùn, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ò kúrò lórí iná. Bátìrì ń tì, kò sì rí nǹkan jẹ. Ní agbedeméjì òkè, wọ́n bá tírélà sìmẹ́ńtì kan tó ń fà bí ìgbín. Awakọ̀ tírélà tan iná ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Àwọn awakọ̀ wa mọ èdè yẹn: iwájú mọ́, máa kọjá.

Ọkùnrin náà yọ ọkọ̀ síta láti kọjá, ó tẹ iná mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò fò. Bátìrì ti gbẹ, ẹ́ńjìnnì kékeré nìkan ló ń gbé gbogbo wọn gun òkè. Wọ́n ń bá tírélà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì kan yọ ní kọ́nà níwájú. Obìnrin náà ò rí bọ́ọ̀sì, iná rẹ̀ ló rí. Ó figbe ta. Ọkọ rẹ̀ tẹ bíréèkì, ó padà sẹ́yìn tírélà.

Awakọ̀ tírélà yọ orí síta. "Ẹ̀gbọ́n, mo ní kẹ́ ẹ kọjá ni o, mi ò ní kẹ́ ẹ wá kí mi!"

Ẹ̀yìn tírélà yẹn ni wọ́n wà títí òkè fi tán. Wọ́n dé Adó, aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Wọ́n ti pe orúkọ obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ tuntun sínú káàdì rẹ̀. Obìnrin náà gbé káàdì sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó bá nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Bá mi kà á."

Ó kà á fún un.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé o ò ní jíìpù. Ṣùgbọ́n mo ń wò ọ́. Kò sí ìpàdé tí o kì í kọ́kọ́ dìde, kò sí ìjà tí o kì í là, títí kan èyí tí wọn ò pè ọ́ sí. Tó o bá sì jókòó, àìsàn ló gbé ọ jókòó, o wá ń pe ìyẹn ní ìsinmi. Ohun kékeré ni gbogbo agbára rẹ ń bá lọ. Nígbà tí àwọn ará ilé rẹ bá wá nílò rẹ gidi, ariwo nìkan lò ń rí fún wọn. Rọra dẹ ẹsẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ lọ́sàn-án òní, jẹ́ kí wọ́n sọ fún un pé ò ń sùn. Kó sì jẹ́ òótọ́.